Ọjọ́ Tí Ardis Wa Katakata Merle

Ẹnu ló kó bá Ardis Tjaden, kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to àwọn katakata àtijọ́ sórí pápá ìpàtẹ ní Wessels Grove, ó lọ dúró síwájú ti Merle Haverkamp, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó sì sọ ọ́ kí tolórí tẹlẹ́mù gbọ́ pé ẹ̀rọ ìlọta tó ń wúkọ́ nìyẹn, pé bí wọ́n bá fi ta òun lọ́rẹ, òun á dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Merle ò bínú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yọ ṣọ́ọ̀kì lápò, ó sì kọ orúkọ Ardis sára pátákó tó wà lẹ́nu géètì.

Òfin wọn níbẹ̀ ni. Ẹni tó bá bú katakata ẹlòmíì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun náà ni yóò wà á lọ́jọ́ Àìkú tí ìpàtẹ bá ń parí. Yóò so ó mọ́ tírélà tí wọ́n to koríko gbígbẹ sí, yóò fi gbé àwọn àlejò yí pápá ká, gbogbo èèyàn yóò sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá kọ̀, kò gbọdọ̀ la ẹnu sọ̀rọ̀ nípa katakata kankan títí ọdún yóò fi yí po. Nínú àwọn tó ń wá síbẹ̀, kò sí ẹni tó lè pa irú ẹnu bẹ́ẹ̀ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú wá dé, ọkàn Ardis ò balẹ̀. Nítorí Lowell ọkọ rẹ̀ ni. Lóṣù Karùn-ún ni àwọn dókítà yọ egungun ìbàdí ọ̀tún Lowell, tí wọ́n fi irin rọ́pò rẹ̀. Ó ti ń rìn, ó tiẹ̀ ti ń gun àtẹ̀gùn, àmọ́ kò lè fò, kò lè yí bìrí, bó bá sì fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn, àfi kó di nǹkan mú. Síbẹ̀ òun ló taku pé òun lòun máa so tírélà mọ́ katakata.

"Jẹ́ kí ẹlòmíì bá mi di pínnì tí wọ́n fi ń so tírélà mú lónìí," Ardis sọ fún un nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ há.

"Kí wọ́n lè sọ pé ẹ̀rù ń bà wá?"

"Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ mi kọ́ ló máa wa katakata. Ìwọ lo máa wà á. Jẹun rẹ."

Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n ti jọ ń ṣe é. Lowell á dúró sáàárín katakata àti tírélà, níbi tí gbogbo ìwé ìlò katakata ti kọ ọ́ gàdàgbà pé kí ẹnikẹ́ni má dúró sí. Á gbé ọ̀pá ìfà tírélà lé itan, á na ọwọ́ òsì sókè. Ardis á máa fi ẹ̀yìn bọ̀. Bí Lowell bá ti di ẹ̀ṣẹ́ báyìí, katakata á dúró gbagidi, ihò á bá ihò mu, pínnì á sì wọlé láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ardis ò fi íǹṣì kan kọjá ẹ̀ṣẹ́ yẹn rí. Àwọn tọkọtaya kan a máa fi ilé àti ọmọ yangàn. Èyí ni tiwọn.

Ṣùgbọ́n orí Farmall pupa ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo ìyẹn, H ti ọdún 1941 tí bàbá Ardis fi sílẹ̀ fún un. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Ardis nígbà tó kọ́kọ́ gùn ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì tólẹ̀ dáadáa. Kílọ́ọ̀ṣì H, tí wọ́n ń tẹ̀ kó lè dúró, wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òsì, bíréèkì méjèèjì wà lápá ọ̀tún. Fún ẹni tí wọ́n bí sílé wọn, bí Ọlọ́run ṣe ṣètò ayé nìyẹn, ohun tó bá yàtọ̀ sí i, àwọn oní John Deere aláwọ̀ ewé ló wá fi da ayé rú.

Ti Merle yàtọ̀ sí i. John Deere B ti ọdún 1936 ni, ara àwọn tí férémù wọn kúrú, tí wọ́n wá fi íǹṣì márùn-ún kún lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Merle kì í jẹ́ kí àlejò kankan kọjá láì fi tépù wọ̀n ọ́n níṣojú rẹ̀. Irin gígùn kan lápá ọ̀tún awakọ̀ ni kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Bó o bá tì í síwájú, ó ń lọ. Bó o bá fà á sẹ́yìn, ó dúró. Ìbáà jẹ́ jíà iwájú, ìbáà jẹ́ jíà ẹ̀yìn, iwájú náà ni wàá ti irin yẹn sí kó tó lọ. Pẹ́dà méjì tó wà lẹ́sẹ̀, bíréèkì ni méjèèjì, ọ̀kan fún táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti mọ́ lára ò ní fi ṣe pààrọ̀. Ẹni tí kò tíì mọ́ lára, kó yáa rọra ṣe.

"Ṣé kí n bá ẹ wà á yípo pápá lẹ́ẹ̀kan?" Merle bi í nígbà tí Ardis ń gùn ún. "Kò ní ju ìṣẹ́jú méjì lọ."

"Merle, mo ti ń wa katakata nígbà tí ìwọ ṣì ń fi ìgbálẹ̀ ṣe ẹṣin."

Àwọn tó dúró nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Merle náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò kúrò níbẹ̀.

"Ọwọ́ lo máa fi dá a dúró o. Bó o bá ti fẹ́ kó dúró, ọwọ́ ọ̀tún ni..."

"Mo gbọ́."

"Ardis, mi ò ṣeré."

"Mo ní mo gbọ́. Yí ẹ́ńjìnnì, kí a máa lọ."

Merle lọ sápá òsì, ó di àgbá irin ńlá tí wọ́n fi ń jí ẹ́ńjìnnì mú, ó fi gbogbo ara yí i. Ẹ̀ẹ̀kejì ló jẹ́. Pọ́, pọ́, pọ́. Ardis ti irin síwájú, katakata náà sì wọ́ lọ nírọ̀rùn. Ó yípo pápá lẹ́ẹ̀kan. Ó fà á, ó dúró. Ó tì í, ó lọ. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, ẹnì kan pariwo pé kí wọ́n kun ilé rẹ̀ láwọ̀ ewé, òun náà sì juwọ́ sí wọn bí ayaba. Àyà tó ti ń já látàárọ̀ wá balẹ̀. Ìyẹn gan-an ló burú, torí ẹni tí ẹ̀rù bá ṣì ń bà, á ṣì máa rántí ọwọ́ rẹ̀.

Lowell ti wà níwájú tírélà. Àwọn àlejò bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti jókòó sórí koríko, wọ́n ń retí.

Ardis fi í sí jíà ẹ̀yìn. Ó wẹ̀yìn láti orí ejìká, ó rí ọkọ rẹ̀ níbi tó máa ń wà, ọ̀pá ìfà lórí itan, pínnì lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì nínà sókè. Gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ tó dáa. Ardis rọra ti irin síwájú. Katakata bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn.

Ó ku ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ó ku mẹ́rin. Ó ku méjì. Lowell di ẹ̀ṣẹ́.

Ardis tẹ ẹsẹ̀ òsì mọ́lẹ̀.

Ká ní ó ráyè ronú ni, kì bá tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ẹsẹ̀ yẹn ò bi í léèrè. Ó ti ń ṣiṣẹ́ kan náà fún ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bíréèkì òsì ló tẹ̀. Táyà ẹ̀yìn tòsì há pa, tọ̀tún ń yí lọ, gbogbo ìdí katakata wá ń yí gbirigbiri, táyà ọ̀tún tó ga dé àyà ọkùnrin sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ Lowell.

Ardis rò pé òun ò tẹ̀ ẹ́ tó ni. Ó tún tẹ̀ ẹ́ gan-an. Ó túbọ̀ ń yí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wá bíréèkì kàn, òun náà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó dìde dúró sórí pẹ́dà méjèèjì, ó gbé gbogbo ìwúwo rẹ̀ lé wọn. Ẹ́ńjìnnì náà kérora. Ìró rẹ̀ falẹ̀, pọ́, ó sinmi díẹ̀, pọ́, àmọ́ kò kú. Ọjọ́ pẹ́ tí Merle ti ń fi ìyẹn yangàn pé tòun kì í kú sẹ́nu iṣẹ́. Ó ń fà díẹ̀díẹ̀ sẹ́yìn, íǹṣì kan, íǹṣì kan.

Ọ̀pá ìfà já bọ́ lórí itan Lowell, ó sì dí i lọ́nà lápá òsì. Pákó tírélà wà lẹ́yìn rẹ̀. Táyà wà lápá ọ̀tún. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé táyà náà bí ẹni pé ó lè tì í padà. Lókè tírélà, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Merle ń sáré bọ̀ láti ìhà kejì pápá, àmọ́ ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni Merle.

"Ardis," Lowell pè é. Ohùn rẹ̀ ò ga. Ó dà bí ẹni tó ní kó bá òun mú iyọ̀. "Má gbé ẹsẹ̀ kúrò. Wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ. Fa irin yẹn."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Orí irin náà ló wà, ó sì ń tì í síwájú pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀.

Ó fà á. Irin dún kà, katakata dúró, ẹ́ńjìnnì tí ẹrù ti kúrò lórí rẹ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún kíákíá, pọ́-pọ́-pọ́, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Táyà ti fún aṣọ Lowell mọ́ pákó tírélà. Kò kan egungun. Ṣùgbọ́n kò lè jáde.

Merle dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Sọ̀kalẹ̀. Jẹ́ kí n gbé e kúrò."

"Jẹ́ kó gbé e fúnra rẹ̀," Lowell sọ látẹ̀yìn.

Ardis wo ọ̀pá jíà. Bí jíà ò bá tíì kúrò ní ti ẹ̀yìn, tó sì ti irin yẹn síwájú, ó parí nìyẹn. Kò sí ẹ̀kejì. Ó fi sí ibi tó rò pé iwájú ni, ó yọ ọ́, ó tún fi í síbẹ̀. Kò dá ara rẹ̀ lójú mọ́. Ojú gbogbo àwọn èèyàn yẹn wà lára rẹ̀, ojú sì tì í débi pé etí rẹ̀ ń gbóná.

"Merle," ó sọ, "fi hàn mí. Ibo ni iwájú wà?"

Merle gun katakata dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀ lórí ọ̀pá jíà. "Ibẹ̀ yẹn gan-an ni. O ti fi sí i. Iwájú ni. Rọra tì í, díẹ̀ báyìí."

Ó tì í. Katakata lọ síwájú, ó sì fà á kó dúró. Lowell bọ́ sílẹ̀ lára pákó, ó di tírélà mú, ó sì dúró. Bọ́tìnnì méjì ti já lára aṣọ rẹ̀.

Ọkùnrin kan tó dé fìlà pupa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ pé, "A ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé àwọn aláwọ̀ ewé yìí máa pààyàn."

Merle gbé orí sókè wo Ardis. "Ẹ̀bi mi ni," ó sọ sókè kí gbogbo wọn gbọ́. "Irin yẹn ti le jù. Ó yẹ kí n ti fi òróró sí i."

"Ó ti le jù," Lowell náà gbè é. "Mo rí i pé ó le."

Gbogbo wọn ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Ó ku kó gbà á. Ardis wo irin náà, ó fi ìka kan ṣoṣo fà á sẹ́yìn, ó fi ìka kan náà tì í padà sáàárín, kí wọ́n rí i.

"Kò le rárá," ó sọ. "Merle ní òun fẹ́ fi hàn mí, mo sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ fi dá a dúró. Èmi ni mo ṣe é."

Ọkùnrin onífìlà pupa yẹn wo ilẹ̀. Àwọn àlejò ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí tírélà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lowell rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbà á tó ìṣẹ́jú kan, ó mú pínnì nílẹ̀, ó gbé ọ̀pá ìfà padà sórí itan, ó sì lọ dúró sáàárín, níbi tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì sókè.

Ardis fa irin sẹ́yìn pátápátá, ó sì káwọ́ lé àyà.

"Kúrò níbẹ̀."

"Ibi tí mo máa ń dúró sí nìyí."

"Mo mọ̀. Kúrò."

"Ardis, wọ́n ń wò wá."

"Jẹ́ kí wọ́n máa wò."

Lowell ò sún. Ọwọ́ òsì yẹn ṣì wà lókè, ṣùgbọ́n ó ti fẹ̀yìn ti pákó tírélà, Ardis sì rí i. Lowell náà rí i pé ó ti rí i.

"Bí mo bá kúrò níbí lónìí," ó sọ, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ gan-an, "mi ò ní lè padà síbẹ̀ mọ́ o. Mo mọ ara mi."

Òótọ́ ló sọ. Ardis mọ̀ pé òótọ́ ni, ó sì dùn ún dénú egungun. Ó fẹ́ sọ fún un pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́, àmọ́ kò lè fọwọ́ sọ̀yà.

"Síbẹ̀ náà, kúrò," ó ní. "Jọ̀ọ́, Lowell."

Lowell sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó gbé ọ̀pá ìfà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó di ẹ̀gbẹ́ tírélà mú, ó sì rìn lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kọjá ibi tí táyà lè dé. Nígbà náà ni Ardis tó fi jíà sí ti ẹ̀yìn, tó wo ọwọ́ ara rẹ̀, tó sì rọra padà.

Ó fi íǹṣì mẹ́rin tàsé ihò. Ó tún un ṣe, ó tún tàsé. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ó sọ̀kalẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ wọ́ ọ̀pá ìfà náà títí ihò fi bá ihò mu, lẹ́yìn náà ló lọ gba pínnì lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.