Aṣọ́lé Tó Ń Ṣọ́ Ẹnì Kejì

Láti kékeré ni Keegan Wasylenko ti ń ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ họ́kì abúlé wọn ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan ní Kánádà, eré tí wọ́n ń fi igi gbá róbà wọlé lórí yìnyín. Àwọn tó yẹ kó dínà níwájú rẹ̀ kò mọ̀ ju kí wọ́n máa sáré tẹ̀lé róbà dúdú tí wọ́n ń gbá, bí adìyẹ tó rí àgbàdo. Gbogbo wọn á wọ́ tọ alátakò tó ní in lọ, wọn á fi ẹnì kejì rẹ̀ sílẹ̀ lápá ọ̀hún, òun nìkan, tòun ti igi lọ́wọ́. Ẹnì kejì yẹn ló sì máa ń gbá a wọlé. Nígbà tọ́rọ̀ náà sú Keegan, ó kọ́ ara rẹ̀: kí wọ́n tó ta róbà sí ẹnì kejì, òun á ti fò débẹ̀. Ará abúlé á pàtẹ́wọ́. Bàbá rẹ̀ á máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń mu kọfí nídìí pápá pé, "Ìyà yẹn ló sọ ọmọ mi di irin."

Ẹgbẹ́ ńlá kan ní ìlú pè é wá dánra wò. Àyè aṣọ́lé kan ṣoṣo ló kù, òun àti ọmọ ìpínlẹ̀ Manitoba kan ló ń dù ú, eré ọjọ́ yẹn ló sì máa parí ọ̀rọ̀.

"Wasylenko, tẹ́tí," Kóòṣì Pruden sọ fún un. "Ẹni tó ní róbà, tìẹ nìyẹn. Ẹnì kejì, tàwọn tó ń dínà ni. Má tiẹ̀ wò ó. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Kóòṣì."

"O gbọ́ lánàá náà."

Dufresne, géńdé tó ń dínà lápá òsì, rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá aṣọ́lé, jọ̀ọ́, ṣẹ́ iṣẹ́ díẹ̀ kù fún wa. Àwọn òbí tiwa náà wá wòran o."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Keegan ń bá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìbòjú irin: dúró, dúró. Ó dúró dáadáa fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni alátakò kan já bọ̀ láti apá ọ̀tún, tí ẹnì kejì rẹ̀ ń bọ̀ lápá òsì. Keegan rí i kedere pé Dufresne ti lẹ̀ mọ́ ẹnì kejì yẹn, ó ti tẹ́ igi rẹ̀ dínà, róbà kankan ò lè kọjá. Ojú rẹ̀ rí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lọ. Ẹni tó ní róbà ò tiẹ̀ gbá a líle, ó kàn tì í wọlé níbi tí Keegan ti kúrò.

"Mo ti mú un," Dufresne sọ jẹ́jẹ́.

"Mo rí ẹ."

"Kí ló wá dé?"

Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, Keegan di òpó ilé tó ń ṣọ́ mú kó má bàa lọ. Kò lọ lóòótọ́, àmọ́ ibi tó ti ń ronú bí kò ṣe ní lọ ni róbà ti gba agbedeméjì ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé.

Lẹ́yìn eré, Pruden ní kó jókòó.

"Ọmọ mi, ọwọ́ ẹ yá ju ti ọmọ Manitoba yẹn lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń dínà níwájú ẹ lábúlé ló kọ́ ẹ, kì í ṣe kóòṣì kankan. Wọ́n kọ́ ẹ pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá ràn ẹ́ lọ́wọ́."

"Mo lè yí i padà, Kóòṣì. Ẹ jọ̀ọ́."

"Bóyá lẹ́yìn ọdún méjì, lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń dínà. O ti pé mẹ́tàdínlógún. Ta ló máa dúró dè ẹ́?"

Pruden wò ó bí ẹni tó ń retí ìdáhùn.

Nínú ọkọ̀, bàbá rẹ̀ ti ń pe kóòṣì abúlé kí wọ́n tó jáde nílùú. "Wọn ò mọ aṣọ́lé níbí jàre! Ó ń bọ̀ wálé. Bẹ́ẹ̀ ni, á ṣọ́lé lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n máa rọ̀jò róbà lé e lórí, ìyẹn ló ń mú un dáa sí i."

"Dádì," Keegan ní.

Bàbá rẹ̀ na ọwọ́ sí i pé kó dúró ná. Kóòṣì abúlé ṣì ń yọ̀ lórí fóònù.