Ọjọ́ Tí Mo So Díìṣì Mọ́ Òkúta

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ìbùkúnọlá, àbíkẹ́yìn mi, fẹ́ ka ìròyìn lórí tẹlifíṣàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Gbogbo Ìsẹ́yìn ni mo ti sọ fún. Mo sọ fún lémọ́ọ̀mù, mo sọ fún àlejò tó kàn ń béèrè ọ̀nà Okaka lọ́wọ́ mi. Àmọ́ ìjì ọjọ́ Sátidé ti já díìṣì wa bọ́ lórí òrùlé.

Ni mo bá pe Cornelius tó ń ṣiṣẹ́ díìṣì ládùúgbò wa. Ó wo òrùlé, ó mi orí.

"Màmá, igi òrùlé yìí ti jẹrà. Ẹ jẹ́ ká fi bóòtù irin dè é mọ́ ògiri."

"O fẹ́ dá ògiri mi lu? Ògiri tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn!" Mo nawọ́ sí òkúta òfì ọkọ mi nílẹ̀ àgbàlá, èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìdí òwú kí òwú lè le gbagidi. "So ó mọ́ ìyẹn. Ó ti ń fa òwú le kí wọ́n tó bí bàbá ẹ."

"Màmá, ẹ gbọ́ ná..."

"N ò gbọ́!"

Ó so òpó irin tó gbé díìṣì mọ́ òkúta. Àwòrán wọlé, ó mọ́ roro. Cornelius lọ. Mo jó díẹ̀, ìdí mi ṣáà tó ijó jó.

Aago mẹ́rin ò tíì lù tí atẹ́gùn fi dé. Àwòrán ṣẹ́jú, ó kú. Mo sáré jáde. Díìṣì ti kọjú sí ilé adìẹ, ó ń wọ́ òkúta lọ díẹ̀díẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

Oyèdèjì ọkọ mi wà nídìí òfì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyá Ìbùkún! Bí mo bá ń hun aṣọ, ṣé òkúta yẹn kì í wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ mi ni? Òkúta tá a ṣe kó máa rìn, ìwọ lo ní kó dúró! Ogójì ọdún lo ti ń ká òwú nílé yìí o!"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kan òkúta náà. Abẹ́ òkúta náà dán bí orí pípá ọkọ mi. Èmi náà bú sẹ́rìn-ín, mo pe Cornelius padà.

"Ọmọ mi, agbára àgbà ni mo fi bá ẹ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wá lu ògiri náà, lu ú bó ṣe wù ẹ́!"

Ihò mẹ́rin ló lu, ó ki bóòtù tó tó àtàǹpàkò mi bọ̀ ọ́, ó yí i le. Ó rí i pé òpó dúró ṣánṣán kó tó gbé díìṣì lé e. Ó ní ó parí.

"Kò tíì parí." Mo di òpó mú lọ́wọ́ méjèèjì, mo gbé ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀.

"Màmá, ẹ máa já bọ́!"

Ọkọ mi ní, "Fi í sílẹ̀. Bí òpó yẹn bá gbé ìyẹn, kò sí ìjì tó máa rí i gbé ṣe."

Òpó ò mì.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì kí aago mẹ́fà lù, atẹ́gùn tún dé, ó gbé bàsíà aládùúgbò wa fò kọjá. Àwòrán ò ṣẹ́jú. Àwọn ọmọ-ọmọ mi kún pálọ̀ fọ́fọ́. Ìbùkúnọlá yọ, gèlè rẹ̀ gún régé.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," ló wí.

"O kú ìrọ̀lẹ́, ọmọ mi!"

Mo kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí yóò fi kà á tán. Èmi nìkan ni mo sọ̀rọ̀.