Ewéko Dókítà Eléyín

Dókítà eléyín yìí kì í ṣe èèyàn burúkú. Àwọn tó ń gba ìtọ́jú eyín lọ́dọ̀ rẹ̀ máa ń sọ pé ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́, pé kí èèyàn tó mọ̀ pé wọ́n ti fa eyín, eyín ti wà nínú abọ́. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ẹja rẹ̀, kì í gbọ́ tẹnikẹ́ni mọ́.

Yàrá táwọn èèyàn ti ń dúró de ìtọ́jú ni àpótí gíláàsì tó ń sìn wọ́n sí wà. Síkílídì ni ẹja inú rẹ̀, mẹ́fà: búlúù mẹ́rin, akọ kan tó pọ́n bí ọsàn, àti abo kan tó ní ìlà dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó máa ń wo èèyàn bí ìyá ọkọ tó wá yẹ ilé ìyàwó wò. Bí àwọn tó ń bẹ̀rù ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ eyín bá ti ń wò wọ́n, ara wọn a balẹ̀.

Ewé ọ̀rá ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, Dókítà ní òun ò fẹ́ ayédèrú mọ́, ewéko tó ń hù lóun fẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tóun náà ń sin ẹja bú sẹ́rìn-ín. "Síkílídì àti ewéko? O ò kúkú fi ewúrẹ́ ṣọ́ oko ẹ̀fọ́!" Dókítà ra ewéko mẹ́jọ, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ rì wọ́n sínú yanrìn lọ́jọ́ Ajé kan, ó ń tẹ ìdí wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń de eyín àtọwọ́dá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n dúró ṣánṣán. Lọ́jọ́rú, wọ́n ṣì dúró. Kò sí aláìsàn tó wọlé tí Dókítà ò fi ewéko náà yangàn fún.

Lọ́jọ́bọ̀, ó tètè dé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nítorí ọkùnrin kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Bó ṣe wọlé báyìí, ewéko mẹ́ta ló léfòó, gbòǹgbò wọn kọjú sókè. Ìyá Jẹ́jẹ́ sì dúró ti àpótí náà, apá aṣọ rẹ̀ rin gbingbin dé ìgúnpá, ewéko kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ìyá àgbàlagbà tó ń tún ibẹ̀ ṣe. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè rí.

"Ẹ̀yin lẹ ń hú u!" Dókítà pariwo.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé..."

"Kí lẹ fẹ́ ṣàlàyé? Omi ṣì ń kán lọ́wọ́ yín! Ilẹ̀ ni mo ní kẹ́ ẹ máa gbá, mi ò ní kẹ́ ẹ máa ba nǹkan mi jẹ́. Àbí arán ti ń ṣe yín ni?"

Èèyàn mẹ́rin ló jókòó níbẹ̀. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ wíwú gbàgbé ìrora ara rẹ̀, ó ń wo ìyá náà. Ìyá Jẹ́jẹ́ rọra fi ewéko yẹn lé orí ìdérí àpótí, ó fi épírọ́ọ̀nù nu apá rẹ̀. "Ẹ má bínú, sà," ló sọ, ó sì jáde. Dókítà ní kí akọ̀wé òun gbé iṣẹ́ ìyá náà lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kó máa tún yàrá ìkẹ́rùsí ṣe. Akọ̀wé la ẹnu, ó tún pa á dé.

Dókítà tún ewéko náà gbìn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ti ilẹ̀kùn lálẹ́, kọ́kọ́rọ́ ò kúrò lápò rẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́, ewéko mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló léfòó.

Lọ́sàn-án, nígbà tí aláìsàn kan ò wá, ó mú búrẹ́dì rẹ̀ wá síwájú àpótí ó jókòó. Ó ti gbin ẹyọ kan padà. Kò pẹ́ tí abo onílà dúdú fi dé ìdí rẹ̀. Ó bu yanrìn kún ẹnu, ó lọ tu ú dà nù. Ó tún bù ú. Nígbà tí ihò ti jìn, ó gé gbòǹgbò jẹ, ó ń ju orí síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ajá tó gbá aṣọ mú, títí ewéko fi fò lọ sókè. Akọ rẹ̀ ń ṣọ́ ọ. Wọ́n fẹ́ yé ẹyin, wọ́n ń tún ilé ṣe.

Ohun tí Dókítà kọ́kọ́ ṣe ni pé ó bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹnì kan rí òun. Kò sẹ́nì kankan. Inú rẹ̀ sì dùn sí i. Ìdùnnú yẹn ló tì í lójú jù nígbà tó yá.

Ó kó ewéko náà jáde, ó sọ fún akọ̀wé pé omi ò bá a lára mu. Bó bá ti gbọ́ ìró bákẹ́ẹ̀tì Ìyá Jẹ́jẹ́ lórí àtẹ̀gùn, á sáré wọ yàrá iṣẹ́, á máa tún irinṣẹ́ tó ti fọ̀ fọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó jẹ́wọ́. Ó ní òun á yọ́ gòkè lọ bẹ Ìyá Jẹ́jẹ́.

"Ojú ayé lo ti bú u," ni ìyàwó rẹ̀ sọ. "Kọ̀rọ̀ lo wá fẹ́ bẹ̀ ẹ́ sí?"

Lọ́jọ́ Ajé, ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún akọ̀wé. Akọ̀wé wolẹ̀. "Mo mọ̀, sà. Àràárọ̀ ni màmá ń bá yín tún un gbìn kẹ́ ẹ tó dé. Wọ́n ní inú yín ń dùn sí i, kò yẹ kẹ́ ẹ bá a lórí omi."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù yín bà mí, sà."

Ìyẹn ni pé ọjọ́ méjì tí Dókítà fi yangàn, iṣẹ́ ìyá náà ló fi ń yangàn. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó ní kí wọ́n bá òun pe Ìyá Jẹ́jẹ́ wá síbi táwọn èèyàn jókòó sí, ó sì tẹrí ba níwájú wọn.

"Màmá, ibí ni mo ti parọ́ mọ́ yín. Ẹja ló ń hú u, ẹ̀yin lẹ ń gbìn ín. Ẹ forí jì mí."

"Mo mọ̀ pé ẹja ni," Ìyá Jẹ́jẹ́ dáhùn, ohùn rẹ̀ ò yí padà. "Ti ewé kọ́ ló dùn mí, sà. Ọdún mọ́kànlá tá a ti jọ wà, ẹ ò fún mi láyè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo."

"Mo jẹ̀bi, mà."

"Mo ti forí jì yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n máa wà lókè. Ara tù mí níbẹ̀." Ó gbé bákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó tún yíjú padà. "Ẹ yéé rì í sínú yanrìn. Ẹ wá irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta, kẹ́ ẹ fi òwú so ó. Òkúta ò ṣeé gbẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni Dókítà ṣe. Òwú tí wọ́n fi ń yọ oúnjẹ láàárín eyín ló fi so wọ́n. Kó tó tó oṣù mẹ́ta, gbòǹgbò ti di òkúta mú, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Abo onílà dúdú tì í títí, ó sú u.

"Dókítà, ọwọ́ yín mà tutù o!" làwọn èèyàn ń wí.

"Ọwọ́ tèmi kọ́," lá máa dáhùn. "Màmá tó wà lókè ló kọ́ mi." Gbogbo ìgbà tó bá sọ ọ́ ni ọrùn rẹ̀ máa ń gbóná.

Wọ́n sì máa ń pàdé lórí àtẹ̀gùn. Ìyá Jẹ́jẹ́ á kí i bó ṣe ń kí i látijọ́, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Dókítà á dáhùn, á fẹ̀yìn ti ògiri, kò sì ní gbójú sókè títí ìyá náà á fi kọjá.