Ìka Lekal

Lekal gbé ife ọtí ìrẹsì náà sẹ́nu, ó mu ún gbẹ, ẹ̀kán kan ò kán sílẹ̀. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan, ó sì wo ojú Yuwen. Kí Yuwen tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti na àtàǹpàkò sókè láti yìn ín. Ìgbà náà ló wá rí i pé gbogbo ilé ti dákẹ́.

Ọjọ́ náà ló pé ọdún kan tí òkun gbé bàbá Lekal lọ. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Lekal, òun nìkan lọ́mọkùnrin, ọ̀rọ̀ tó sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lóòjọ́ kò ju mẹ́ta lọ. Ilé ìtọ́jú kan ní ìlú ńlá Taichung ló ń gbé, níbi tí Yuwen, obìnrin onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, ti ń kọ́ ọ bí yóò ti máa wẹ̀, bí yóò ti máa wọ bọ́ọ̀sì. Òun ló bá a wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí abúlé àwọn Amis yìí, ẹ̀yà tí wọ́n bí Lekal sí, létí òkun ìlà-oòrùn. Inú Yuwen ń dùn bọ̀ lọ́nà pé àwọn ará ilé yóò rí iṣẹ́ ọwọ́ òun.

Dongi, ìyá Lekal, tún bu ọtí sínú ife. Ó ní bóyá ọmọ ti gbàgbé ni. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú jẹ́jẹ́ láti ti ìka rẹ̀ bọ ọtí náà. Lekal fa ọwọ́ yọ, ó tún fi í pamọ́ sábẹ́ itan.

Panay, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló ṣàlàyé fún àlejò. Nílé tiwọn, ẹnikẹ́ni kì í mu nǹkan láì kọ́kọ́ ti ìka bọ̀ ọ́, kó wọ́n ọn sílẹ̀, kí àwọn tó ti lọ lè mu ṣáájú. Bàbá ló kọ́ Lekal kó tó mọ̀ ọ́n rìn dáadáa. Ẹni tí kò lè fi ẹnu pe ẹnikẹ́ni, ìka ló fi ń pè wọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà wá yé Yuwen. Nígbà tí Lekal kọ́kọ́ dé ilé ìtọ́jú, kò sí omi, tíì tàbí ọbẹ̀ tí kì í wọ́n sílẹ̀. Yuwen kà á: ìgbà mẹ́rìnlélógún lóòjọ́. "Dída omi nù," ló sọ ọ́ lórúkọ. Ìgbàkígbà tí Lekal bá mu nǹkan láì wọ́n ọn, tó sì fọwọ́ sábẹ́ itan, ó ń rí máńgòrò gbígbẹ jẹ. Lọ́sẹ̀ keje, kò ṣe é mọ́ rárá. Ọ̀gá Yuwen fi àtẹ tó ń kọ iye náà sí han àwọn èèyàn nípàdé, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Yuwen. Nínú fọ́ọ̀mù Lekal, níbi tí wọ́n ti béèrè àṣà ilé, "kò sí" ni Yuwen kọ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìyá àgbà tirẹ̀ ń sun tùràrí fún àwọn baba ńlá láràárọ̀. Ẹnikẹ́ni ò ka iye èéfín rẹ̀ rí. Ojú àlejò tóbi lóòótọ́, kò kàn fi ń ríran ni.

"Màmá, kò gbàgbé," ni Yuwen wí. "Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó má ṣe é mọ́. Mo rò pé ó kàn ń da omi nù ni."

Dongi gbé ife náà kalẹ̀. "Ṣé o bi ẹnikẹ́ni nínú wa?"

"Rárá, Màmá. Mi ò bi yín."

Ìyá náà kò bínú. Ì bá sàn fún Yuwen ká ní ó bínú. "Ọ̀rọ̀ tìẹ ló ń gbọ́ báyìí," ló ní. "Sọ fún un kó pe bàbá rẹ̀."

Yuwen kúnlẹ̀ síwájú Lekal. Ó bi Panay léèrè ohun tí wọ́n ń pe títi ìka bọ ọtí náà lédè wọn. Mifetik, Panay sọ fún un. Yuwen pè é, ahọ́n rẹ̀ kọsẹ̀, ó tún un pè.

Lekal yọ ọwọ́ kan jáde. Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà dúró lókè ife, ojú rẹ̀ sì wà lójú Yuwen, ó ń retí kó sọ fún òun bóyá ó dára.

Bó bá ṣe é báyìí, Yuwen ni yóò ṣe é fún, kì í ṣe bàbá rẹ̀. Yuwen dìde, ó tẹrí ba fún ìyá, ó jáde sí àgbàlá, ó sì kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ tí Dongi pe orúkọ ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, jẹ́jẹ́. Kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Nígbà tó yá, Panay kó àwọn ife jáde, ó lóṣòó sídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fọ̀ wọ́n. Yuwen lọ bá a, ó gba èyí tó ti fọ̀, ó ń ṣan án. Ìbéèrè náà ti dé ètè rẹ̀: ṣé Lekal ṣe é? Panay kò wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Yuwen na ọwọ́ gba ife mìíràn, kò sì béèrè. Ó mọ̀ pé èyí kò sí lára ohun tó yẹ kí wọ́n sọ fún òun.