Àga Àárín

"Kọ́kọ́ tún ohun tó sọ sọ, kí o tó fèsì," ni Onílàjà wí.

Òfin rẹ̀ nìyẹn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá ń jà nínú ilé tí wọ́n jọ háyà, wọ́n á gbé àga mẹ́ta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun á jókòó sí ti àárín, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn á sì kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹ̀dùn ọkàn ẹnìkejì. Bó ṣe parí ìjà omi àti ìjà ariwo nìyẹn, títí kan ti ẹni tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ẹlòmíràn fọ bàtà. Màmá onílé ló sọ ọ́ ní Onílàjà.

Kékeré, ọmọ tó dé ilé náà kẹ́yìn, wolẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì ní mo yọ aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì funfun wọn lórí okùn kí n lè ráyè sá tèmi. Wọ́n ní inú ẹrẹ̀ làwọn ti bá a láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, àwọn olùdánwò ò sì jẹ́ káwọn wọlé láìsí aṣọ náà. Wọ́n ní àwọn á tún ọdún náà kà."

Ojú Nọ́ọ̀sì ti wú. Ó ní búláòsì Kékeré nìkan ni òun bá lórí okùn.

Òótọ́ ni. Onílàjà ti ká aṣọ ìbùsùn tirẹ̀ kúrò lórí okùn náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò. Òun ló gbé aṣọ funfun náà kọ́ sórí ọgbà láti wá àyè sá a, tó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé atẹ́gùn ló jù ú sílẹ̀, kì í ṣe òun.

"Ẹ bá mi kọ ọ́ pé èmi ni," Kékeré sọ lójijì. "Màmá onílé ní bí ọ̀rọ̀ yìí ò bá tán lónìí, kí n kó jáde. Mi ò níbi tí mo fẹ́ lọ."

Bíírò tó fi ń kọ àbájáde ìjà sílẹ̀ wà lọ́wọ́ Onílàjà. Ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n, àìmọye ènìyàn ló ti sọ ọ́ fún lórí àga yìí. Ẹ̀yìn ẹlẹ́yìn ló wá fẹ́ gbé tirẹ̀ pọ̀n sí. Ojú tì í débi pé kò lè wo ọmọ náà.

Ó dìde, ó lọ pe Màmá onílé, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó sáàárín. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ kan Kékeré léjìká. "Dìde níbẹ̀ yẹn, àbúrò mi. Àga mi ni."

Ó jókòó. Òfin ṣáà ni òfin.

"Nọ́ọ̀sì ní wọ́n lé òun níbi ìdánwò," ó bẹ̀rẹ̀. "Ó ní ọdún kan òun ti lọ. Èmi ni mo yọ aṣọ náà. Mo sì mọ̀ látọjọ́ yẹn."

Kékeré bú sẹ́kún.

Nọ́ọ̀sì yíjú sí Onílàjà. "Tún un sọ," ó ní.

Onílàjà gbójú sókè, ó sì tún un sọ.