Ìgò Tó Kọ̀ Tí Kò Dì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí ẹ sì na ẹsẹ̀ yín. Ìtàn tí mo gbé wá fún yín kò gùn, ṣùgbọ́n ó le. Ó dá lórí ìgò kan tí kò tó ìka ọmọdé, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ da ọjà rú ní Bọ́ládé, ní Òṣòdì, lọ́sàn-án gangan.

Olúfọlákẹ́ ló ni ìgò náà. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni, ó ń ṣèwádìí lórí ewé kan tí àwọn àgbà ìlú rẹ̀ máa ń lò fún kókó inú ara. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni ewé náà ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe yé mi. Òṣìṣẹ́ kan wà nínú ara wa tí wọ́n ń pè ní ODC. Ẹ́ńsáìmù ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa po èròjà kan, pọ́líámáìnì, tí ara fi ń dàgbà. Bó bá ń pò ó níwọ̀n, kò séwu. Ṣùgbọ́n níbi tí kókó bá wà, ṣe ló ń pò ó láìsinmi, àṣejù sì ni baba àṣetẹ́. Bí ewé yẹn bá dára, ó yẹ kí òṣìṣẹ́ yìí dín kù nínú ara àwọn eku tó mu omi rẹ̀. Ojú lásán kò lè rí i. Àǹtíbọ́dì ni wọ́n fi ń wá a, ohun kan tó dà bí ajá ọdẹ tó mọ òórùn ẹran kan ṣoṣo. Bó bá rí ODC, á gbá a mú, ìlà dúdú á sì yọ lórí bébà ìdánwò. Bí kò bá rí i, ojú bébà á funfun.

Àǹtíbọ́dì yìí ló wà nínú ìgò Olúfọlákẹ́. Òkè òkun ló ti wá, ó pẹ́ kó tó dé, kò sì sí òmíràn. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé bí kò bá mú èsì wá kí oṣù tó parí, iṣẹ́ rẹ̀ ti já sófo. Fíríìsà ilé ìdánwò wọn ní Ìsọlọ̀ wá kú. Ló bá gbé ìgò náà fún onílé rẹ̀ ní Àjàó Estate, Ìyá Fàthíà, tó ń ta yìnyín. Ìsíátù lorúkọ ìyá náà gan-an. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí òtútù má fi ìgò náà sílẹ̀.

Àgbà kì í gba ohun olóhun kó fọwọ́ dẹngbẹrẹ mú un. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Fàthíà mú ìgò náà, ó mì í. Omi inú rẹ̀ ń jó. Gbogbo omi inú ọ̀rá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti le bí òkúta. Lójú ẹni tó ń ta yìnyín, ohun tí kò bá dì, òtútù kò tíì mú un nìyẹn. Ó ní agbára fíríìsà òun kò ká a. Ó fi ọ̀rá wé e, ó gbé e lọ sí Èjìgbò, sí yàrá òtútù tí àbúrò rẹ̀, Àjíbíkẹ́, ń kó ẹja sí. Kò bá Àjíbíkẹ́ níbẹ̀. Ó rí páálí kan tí ẹja kò kún inú rẹ̀, ó ki ìgò náà sábẹ́ ẹja, ó ní òun á pè é tó bá yá. Ìgbàgbé ò ṣàánú ẹnikẹ́ni.

Lọ́sàn-án, Olúfọlákẹ́ dé láti gba ìgò rẹ̀, nítorí wọ́n ti tún fíríìsà wọn ṣe. Nígbà tó gbọ́ ibi tó wà, kò jiyàn, ó kàn ní kí ìyá pe Àjíbíkẹ́. Àjíbíkẹ́ wo igun yàrá, páálí kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti kó o mọ́ ọjà Ìyá Mùnírù, oníbàárà rẹ̀ tó ń ta ẹja ní Bọ́ládé, ó ti lọ síbẹ̀.

Nígbà tí Olúfọlákẹ́ àti Ìyá Fàthíà fi máa débẹ̀, àwọn obìnrin ti yí Ìyá Mùnírù ká. Ó ti tú páálí náà, ó bá ẹja ààbọ̀, ó sì bá ìgò kékeré tí wọ́n fi ọ̀rá wé lábẹ́ ẹja. Ẹ̀yin náà, ta ni yóò rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ọjà rẹ̀ tí kò ní fura? Wọ́n ti ní ẹni tó ń jowú rẹ̀ ló fi ránṣẹ́, kí ọjà má bàa tà mọ́. Ìgò náà wà nílẹ̀ nínú oòrùn, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ẹnì kan ti gbé kẹrosíìnì wá, ó ń wá ìṣáná.

Olúfọlákẹ́ mọ ohun tó wà níwájú òun. Ẹni tó bá ní òun ló ni ìgò, òun náà ló fi oògùn ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n oòrùn kì í dúró de aláròjinlẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Èmi ni mo ni í."

Ìyá Mùnírù wò ó látòkè délẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí. Kí ni mo gbà lọ́wọ́ ẹ?"

Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé nípa eku, ewé àti ilé ìdánwò. Obìnrin kan ní àwọn tó mọ̀wé ni wọ́n kúkú mọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ lò jù.

"Bí kì í bá ṣe nǹkan burúkú," ni Ìyá Mùnírù wí, "ṣí i, kó o kán an sára èèyàn, ká rí i."

Ohun tó wà nínú ìgò náà kò ju ẹ̀kán méjì lọ. Bí ó bá kán ọ̀kan, ìdajì ti lọ. Bí kò bá kán an, gbogbo rẹ̀ di eérú. Olúfọlákẹ́ fọwọ́ lé ìdérí. Ni Ìyá Fàthíà bá là wọ́n já, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú.

"Èmi ni mo gbé e sínú ẹja yín. Ọmọ yìí ò mọ nǹkan kan. Kán an sí mi lọ́wọ́."

Ẹ̀kán náà bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò ṣàn bí omi. Ó jókòó síbẹ̀, ó sanra, ó ń dán. Ìyá Fàthíà fi ìka pa á, ó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Ó na ọwọ́ sí Ìyá Mùnírù. Ìyẹn lọ́ tìkọ̀ díẹ̀, ó wá fi orí ìka kàn án.

"Gilisiríìnì," ló wí.

Òun ni. Èyí tí a fi ń pa ara fún àwọn ọmọ nígbà ọyẹ́. Olúfọlákẹ́ ní wọ́n pò ó mọ́ àǹtíbọ́dì kó má bàa dì ni, torí pé bí yìnyín bá mú un, á kú.

Ìyá Fàthíà jókòó sórí páálí. "Àṣé nítorí kó má dì ni kò fi dì. Èmi wá ń lé e kiri ìlú."

Ẹ̀rín bú láàárín wọn. Obìnrin oníkẹrosíìnì ní kí wọ́n kán an sí òun náà lọ́wọ́, ọyẹ́ ń bọ̀. Olúfọlákẹ́ sáré fi ìdérí bo ìgò, ó bẹ Ìyá Fàthíà pé kó fọ ọwọ́, Ìyá Mùnírù sì bu yìnyín sínú ọ̀rá fún un.

Ìdajì tó kù tó fún ìdánwò ẹyọ kan péré. Ìyá Fàthíà kọ̀ láti dúró sílé, ó tẹ̀ lé e dé Ìsọlọ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tí wọ́n ń gbẹ̀bí fún ọmọ rẹ̀. Bébà náà funfun, ó tún funfun, ọkàn àwọn méjèèjì ti ń lọ. Díẹ̀díẹ̀, ìlà dúdú yọ ní ẹ̀gbẹ́ àwọn eku tí kò mu ewé. Ìyá ní Alihamudulilai. Lẹ́yìn náà, ìlà yọ ní ẹ̀gbẹ́ àwọn tó mu ewé. Ó dúdú bákan náà.

Olúfọlákẹ́ gbé bébà náà sún mọ́ iná, ó fi ìlà méjèèjì wé ara wọn.

"Ṣé ìgò yẹn ti bàjẹ́ ni?" ni ìyá béèrè.

"Rárá, mà. Ara rẹ̀ le. Ewé ni kò ṣiṣẹ́."

"Gbogbo bá a ṣe sáré yẹn. Kí lo máa wá sọ fún wọn?"

"Ohun tó sọ ni mo máa sọ."

Ó sì sọ ọ́. Wọ́n gba èsì náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí oṣù tó parí, torí a kì í rán ẹlẹ́rìí níṣẹ́ ká tún kọ́ ọ ní ohun tó máa wí.

Ìyá Fàthíà ló sọ ọ́ fún Àjíbíkẹ́ ẹlẹ́ja. Nígbà tí Àjíbíkẹ́ wálé wá ṣe Iléyá lọ́dọ̀ wa lábúlé, ó sọ ọ́ fún mi bó ṣe ń gé ẹran, kò sì bù mọ́ ọn. Èmi náà ò bù mọ́ ọn.