Ta Ló Kọ Ètò Yìí?

Ọdún kan gbáko ni Sísí Kọ̀ǹpútà fi di ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń pe aláìsàn lórúkọ nílé ìwòsàn bó bá ṣe kàn wọ́n, Sísí ló jókòó kọ ọ́. Ọkùnrin náà ní kó jẹ́ kóun wò ó, ló bá gbé e lọ fún ilé ìwòsàn bí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí Sísí fẹjọ́ sùn, ìyá rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ilé ni, kò ṣeé sọ níta. Ẹnu rẹ̀ dákẹ́, inú rẹ̀ ò dákẹ́.

Ó wá pe hákátọ́ọ̀nù, àpéjọ tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ tún nǹkan ṣe. Òun ló wá gbọ̀ngàn, òun ló to tábìlì, òun náà ló ṣòfin pé ẹni tó bá mú ètò wá yóò tún àbùkù inú rẹ̀ ṣe lójú èrò. Ó mọ àbùkù tó wà nínú ti ilé ìwòsàn: bí ẹni méjì bá forúkọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà, á gbàgbé ọ̀kan. Ó ti rí i kí wọ́n tó gbé e lọ. Ó fi í sílẹ̀ fún olè.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin náà ẹ mú tiyín wá," ló wí, ó tún kúnlẹ̀. Bọ̀ọ̀dá, tó fẹ́ràn ìyìn ju oúnjẹ lọ, gbà.

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Nígbà tó kàn án lójú èrò láti tún àbùkù náà ṣe, Bọ̀ọ̀dá tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, òógùn bò ó. Ó dùn mọ́ Sísí, kí n má parọ́.

Nọ́ọ̀sì àgbà láti ilé ìwòsàn náà dìde. "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ lóòótọ́?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Rárá, mà. Àbúrò ìyàwó mi ni."

Ọ̀rọ̀ tí Sísí ti ń retí láti èṣí nìyẹn. Ó bọ́ sídìí kọ̀ǹpútà, ìṣẹ́jú márùn-ún ò pé tó fi tún un ṣe. Èrò pàtẹ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì ò pàtẹ́wọ́. "Ó yá yín lọ́wọ́ o. Ìgbà wo lẹ ti mọ̀ pé ó ń gbàgbé èèyàn?"

Sísí wo ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ti ẹ̀bi náà sí lọ́rùn mọ́.

"Láti èṣí, mà."

"Obìnrin kan jókòó lọ́dọ̀ wa láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́," ni nọ́ọ̀sì wí jẹ́jẹ́. "Ètò ò pè é. A rò pé ó sùn ni. Ìgbà tá a jí i, kò jí."